Àjẹìyó, Ẹ̀rọ Tí A Fi Ẹnu Sọ Di Iwin

Ọjọ́ tí Lámídì gbé ẹ̀rọ náà dé àtíbàbà wa ní Lánlátẹ̀, ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ sá. Lẹ́yìn ewúrẹ́, àwọn ọmọdé. Àwa àgbà náà ì bá sá, ojú ló tì wá. Orí ọmọlanke ló gbé e sí, òun àti ọkùnrin méjì ń tì í bọ̀, irin ń lu irin, ó ń ró gọgọgọ, ẹnu rẹ̀ sì là sókè bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Kí n tó lọ jìnnà, èmi ò kàwé o. Táyé, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Òun náà ló fà á tí mo fi rántí. Ó jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, ó ń tẹ fóònù, ó wá ní àwọn onímọ̀ ti ṣe ẹ̀rọ kan tó ń ronú, tó ń fèsì bí èèyàn, àti pé àwọn kan ń pariwo pé iwin ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mọ, pé yóò dìde lọ́jọ́ kan, yóò jẹ ẹni tó mọ ọ́n.

Mo ní, "Ta ló ṣe é?"

Ó ní, "Wọ́n pọ̀, Màmá."

Mo ní, "Ṣé wọ́n ṣì wà nídìí ẹ̀?"

Ó gbójú sókè. "Ìbéèrè wo nìyẹn?"

Ìbéèrè tí ẹ̀rọ gàrí kọ́ mi ni.

Iṣẹ́ gàrí ni mo fi ayé mi ṣe. Ìdí àgbada ìyá mi ni mo ti bá a. Ẹni tó ń jẹ gàrí rò pé ọjà ló ti ń wá. À á bó ẹ̀gẹ́, à á fọ̀ ọ́, à á rin ín títí á fi kúnná, à á dì í sápò, à á gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè fún dànù, à á jọ̀ ọ́, ká tó wá yan án nínú èéfín tó ń fọ́ni lójú. Nínú gbogbo rẹ̀, rínrin ló burú jù. Páànù tí a fi ìṣó dá lu ni à ń lò. Ẹ̀yìn páànù náà, níbi tí ìṣó ti yọ ṣóńṣó jáde, ni à ń fa ẹ̀gẹ́ lọ fa ẹ̀gẹ́ bọ̀ lé lórí. Bí ẹ̀gẹ́ bá kéré tán lọ́wọ́ ẹni, ìka ni páànù kàn. Kò sí obìnrin kan nínú àtíbàbà wa tí ìka rẹ̀ kò lápàá. Àwọn ọkọ wa a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé gàrí tí àwọn ń mu, ara ìyàwó àwọn ló dùn nínú ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí a fi bẹ Lámídì. Jórinjórin ni, ọmọ Lánlátẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ já fáfá. Ó ti rí ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ní Èrúwà, ó jókòó tì í láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ó délé, ó ní òun á ṣe é. Kò sí irin tuntun kan nínú ohun tó fi ṣe é. Ọ̀pá tó ń yí nínú rẹ̀, ara mọ́tò akẹ́rù kan tó dojú dé lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta ló ti yọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti fa omi rí nínú oko ẹnì kan kó tó dákẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bẹ́ẹ̀dì onírin bàbá arúgbó kan ni, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kó sóde lẹ́yìn tí wọ́n sin ín. Ẹnu rẹ̀, dúrọ́ọ̀mù epo tó ti dípẹtà. Gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ ló ti kú rí níbòmíràn.

Ìyá Délé, tó dàgbà jù nínú wa, yí i ká, ó ń wò ó. "Lámídì, òkú mélòó lo kó jọ síbí?"

Lámídì rẹ́rìn-ín. "Màmá, òkú tó ń ṣiṣẹ́ sàn ju alààyè tó jókòó lọ."

Ó fa okùn, ẹ̀rọ náà wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Háà! Ẹ̀gẹ́ tí èèyàn mẹ́ta ń fi àárọ̀ dọ́sàn-án rin, kí ẹni tó lọ tọ̀ tó padà dé, ó ti rin ín tán. A jó. Èmi náà jó. Ìyá Délé ló sọ ọ́ ní Àjẹìyó, nítorí bí o ṣe ń fún un náà ló tún ń ya ẹnu. Láìpẹ́, àwọn ará Ayétẹ̀ ń gbé ẹ̀gẹ́ wá, wọ́n ń ti Igbó-Ọrà gbé e wá lórí ọ̀kadà.

Àléébù kan ló ní. Láàárín ẹnu ẹ̀rọ àti igi tí ọ̀pá náà ń mú yí, èyí tí a fi páànù olójú ìṣó wé, ọrùn kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ ń gbà kọjá. Ti Èrúwà gùn. Bí o bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, ìka rẹ ò ní kan páànù. Ti Lámídì ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ojú gbogbo wa ló rí i. Ìyá Délé bi í léèrè lọ́jọ́ kìíní gan-an.

Ó ní, "Irin ló tán, Màmá. Ẹ jẹ́ kí ọjà ọ̀la kọjá ná, n ó wá fi kún un."

Ọjà ọ̀la kọjá. Ọjà míì náà kọjá. Òkìkí Lámídì ti kàn, wọ́n ń pè é síhìn-ín, wọ́n ń pè é sọ́hùn-ún. Bí a bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, á ní, "Mò ń bọ̀ o, ẹ̀yin ìyá mi," á sì máa lọ.

Nígbà tó yá, Àjẹìyó gé orí ìka kan fún Ìyá Délé, ọmọńdinrín ọwọ́ òsì. Ká ní ọjọ́ yẹn la ti ránṣẹ́ pe Lámídì pé kó wá fi irin sí ọrùn ẹ̀rọ, n kì bá tí máa sọ ìtàn yìí. Kì í ṣe ohun tí a sọ nìyẹn. Ọ̀kan nínú wa ní, "Ṣé ẹ ò rántí mọ́tò tí wọ́n ti yọ ọ̀pá yẹn? Ó pa èèyàn o." Òmíràn ní bàbá oníbẹ́ẹ̀dì ò fẹ́ràn ariwo nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń ti ẹnu bọ́ sí ẹnu, kí a tó mọ̀, ẹ̀mí ti wọ inú irin. A bẹ̀rẹ̀ sí í kí i láàárọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹun níwájú rẹ̀ láì ju díẹ̀ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣíborí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá ń ké lákétúnké, a ní inú ń bí i. Lóòótọ́, ọ́ìlì ló gbẹ.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Délé mú àbá kan wá, ó sì dùn létí gbogbo wa. Ẹ mọ̀ pé ìbejì kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Agboolé wo ni wọn ò sí? Ohun tí a sì gbà gbọ́ ni pé oríire ń tẹ̀ lé ìyá wọn, ibi kì í rí i gbé ṣe. Ìyá Délé ní, "Ìyá ìbejì ni kó máa fún un lóúnjẹ. Iwin wo ló máa bu ìyá ìbejì jẹ?" A ní òótọ́ ni. Ó dà bí ọgbọ́n lójú wa.

Àlímọ̀ ló bọ́ sí lọ́wọ́. Ọmọ àbúrò ọkọ mi ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Àsánì àti Ùsẹ́nì. Ọmọ ẹlẹ́rìn-ín ni, kò bẹ̀rù nǹkan kan. Bó bá ń da ẹ̀gẹ́ sí i, á máa bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń fún ọmọ lẹ́kọ. "Yànu. Yànu dáadáa. Àsánì, Ùsẹ́nì, ẹ wo ẹ̀gbọ́n yín bó ṣe ń jẹun, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ ọmú!"

Ọ̀sán gangan ni, ọjọ́ tí ọjà ku ọ̀la. Ẹ̀gẹ́ ńlá kan há sí ọrùn ẹ̀rọ. Àlímọ̀ fi ọwọ́ tì í, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀yìn mi ni mo kọ sí i, mò ń jọ̀ gàrí, mo wá gbọ́ tí ohùn ẹ̀rọ yí padà. Táyé ní kí n ròyìn ìyókù. Mo ní rárá.

Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù ní Èrúwà, ẹnì kan níwájú, ẹnì kan lẹ́yìn, òun láàárín. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe. Ìgbà tó padà wálé, kò ní ọwọ́ ọ̀tún mọ́.

Lámídì wá lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ó dúró síwájú ẹ̀rọ náà, ó wo ọrùn rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Gbogbo wa ń retí ohun tó máa sọ. Ó ní, "Irin ni mo jó pọ̀. Ohun tó wọ inú ẹ̀, n ò mọ̀ ọ́n." Ó yí padà. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, wọ́n ní ó ti kó lọ sí Ayétẹ̀, sí ilé àwọn ìyá rẹ̀. A pe fóònù rẹ̀ títí, kò gbé e.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ní iwin, tí a ò sì ní jórinjórin mọ́. Ẹ má rò pé a pa ẹ̀rọ náà tì. Ẹni tó bá ti kúrò lórí páànù ìrin, ó ṣòro kó padà síbẹ̀, ọmọ sì gbọ́dọ̀ jẹun. Ààfáà wá ṣe àdúrà sí i. Wòlíì ìjọ Ìyá Délé náà wá, ó wọ́n omi sí i. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo di mùsùlùmí, ó tún di kìrìsìtẹ́nì lọ́jọ́ kan náà. Ọrùn rẹ̀ ò sì gùn sí i.

Ní gbogbo àsìkò yìí, oyún wà nínú Múnírátù ọmọ mi. Ó bí i. Ìbejì ni, obìnrin méjèèjì. Táyé tó ń kọ èyí sílẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn. Ẹ wo irú ayọ̀ tó ń kó mi láyà jẹ! Gbogbo ilé ń yọ̀, èmi ń wo ọ̀nà àtíbàbà. Lẹ́yìn tó jáde ọjọ́ ogójì, Ìyá Délé wọlé wá.

Ó ní, "Ìyá Múní, ó kan ọmọ ẹ."

Mo ní, "Ẹ̀yin Màmá, Àlímọ̀ ńkọ́? Ṣé òun kì í ṣe ìyá ìbejì ni?"

"Àlímọ̀ ń fi í ṣẹ̀sín. Ó ń pè é lọ́mọ. Múnírá ní ìtẹríba, kò ní fọwọ́ kàn án."

Ẹ ò rí i pé a ti dá ẹjọ́ náà tán? Ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́ ló jẹ̀bi. Mo wo ọmọ mi pé kó kọ̀. Ó rẹrí sílẹ̀, ó ní, "Ìyá mi, bí mo bá kọ̀, ta ni wọ́n máa fi sí i?" Ó pọn Táyé, ó lọ.

Mo jókòó sídìí àgbada mi lọ́jọ́ yẹn, gàrí jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge. Ọwọ́ Múnírá ni mò ń wò. Ó ń wọlé, ó ń jáde. Bó bá bẹ̀rẹ̀ síwájú, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, orí kékeré yẹn á yọ léjìká rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yọjú wo inú ẹnu ẹ̀rọ. Mo gbé àgbada sọ kalẹ̀. Mo so gèlè mọ́ra, mo gun ọ̀kadà, ó di Ayétẹ̀.

Mo bá Lámídì lẹ́yìn ilé kan, ó ń jó irin fèrèsé. Ó rí mi, iná ọwọ́ rẹ̀ kú.

"Ìyá Múní, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó, mà."

"N ò wá jókòó. Ọrùn ẹ̀rọ ẹ ṣì kúrú."

Ó bọ́ awò dúdú ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún. "Ṣebí wọ́n ní iwin ni."

"Ta ló ní iwin ni?"

"Gbogbo yín. Ẹ̀yin náà. Mo gbọ́ ọ dé ibí, wọ́n ní ẹ máa ń kí i láàárọ̀. Ta wá ni èmi tí n ó lọ fi iná kan iwin lára?"

Mo ní, "Ọjọ́ tí o gbé e wá lórí ọmọlanke, ṣé iwin ni? Ó dùn mọ́ ọ nínú ni, Lámídì. Bó bá ti jẹ́ iwin, ta ló tún máa béèrè jórinjórin?"

Ó jókòó sórí òkúta kan. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá Múní, bí mo bá wá fi irin kún ọrùn yẹn, ó ti di pé èmi ni mo gé ọmọ yẹn lọ́wọ́ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mi ò purọ́. Èèyàn ni, kì í ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n orí kékeré tó ń yọ léjìká Múnírá ló wà lójú mi.

Mo ní, "Bí o ò bá sì wá, wàá gé ti Múnírá mọ́ ọn. Òun ni wọ́n fi sídìí ẹ̀ báyìí. Ó pọn ọmọ."

Kò sọ pé òun á wá, kò sọ pé òun ò ní wá. Mo padà sílé bí ẹni tó lọ sin òkú.

Lọ́jọ́ kejì, ìgbà tí oòrùn ti gòkè díẹ̀, mo gbọ́ ọ̀kadà. Lámídì ni. Ó fi okùn di irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹ̀yìn bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ, àpò irinṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀. Ó ní kí Múnírá pa ẹ̀rọ náà, kó sì bọ́ sẹ́yìn.

Ìyá Délé kígbe, "Má fọwọ́ kàn án, Lámídì! O ò tí ì ṣe ètùtù kankan!"

Kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Irin ni. Èmi ni mo ṣe é. Mo gé ọrùn ẹ̀ kúrú."

Ó tú ẹnu ẹ̀rọ kúrò lórí, ó ká irin tuntun yí ọrùn náà, ó jó o mọ́ ọn, ó gbé ẹnu padà sí i. Ó tún he ọmọ odó kan tó wà nílẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó gé díẹ̀ kúrò nídìí rẹ̀, ó ní òun ni kí a máa fi ti ẹ̀gẹ́, kí ọwọ́ má kàn án mọ́. Mo ti gbé iṣu kaná kó tó dé. Nígbà tó ṣe tán, iṣu náà ò tí ì rọ̀.

A ò mọ ìgbà tí Àlímọ̀ wọlé. Láti ìgbà tó ti ti Èrúwà dé, kò tí ì wá sí àtíbàbà. Ó gba àárín wa kọjá, ó lọ sí ìdí ẹ̀rọ náà, ó dúró díẹ̀ kí irin tutù. Ó wá ki ọwọ́ òsì rẹ̀ bọ ẹnu ẹ̀rọ, ó tì í wọlé títí dé èjìká. Ìka rẹ̀ ò kan páànù. A gbọ́ bó ṣe ń ha ara irin nínú lọ́hùn-ún, ó ń wá a, kò kàn án.

Ó fa ọwọ́ yọ. Ó wo Lámídì. Kò bínú, ìbá tiẹ̀ sàn ká ní ó bínú.

Ó ní, "Bọ̀dá Lámídì, ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí?"

Lámídì kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò padà wá gbé Lánlátẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà, Àjẹìyó ò bu ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Kò pẹ́ tí a ò kí i láàárọ̀ mọ́, kò sì pẹ́ tí orúkọ náà fi kúrò lẹ́nu. Ẹ̀rọ lásán ni, ó ń rin ẹ̀gẹ́. Èéfín ti gba ojú lọ́wọ́ mi, mo ti fi àgbada sílẹ̀ fún Múnírá, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pé, mo dúpẹ́. Àlímọ̀ ń ta gàrí lójà. Bí àlejò bá ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀, tí Àlímọ̀ fi ọwọ́ òsì na ìyókù owó sí i, àlejò náà á fajú ro, á rò pé àfojúdi ni. Àlímọ̀ á ní, "Ẹ má bínú, òun ni mo ní." Lójoojúmọ́ ló ń sọ ọ́. Kò rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Táyé tún bi mí pé ṣé kí àwọn bẹ̀rù ẹ̀rọ tó ń ronú yìí. Mo ti rí ohun tó pọ̀ tí a pè ní iwin. Ẹ̀gẹ́ tuntun tí àwọn onímọ̀ mú wá, a ní ẹni tó bá jẹ ẹ́ kò ní bímọ mọ́. Òun ni à ń yan lónìí, ọmọ sì kún ilé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, a kó ọmọ pamọ́ fún un sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn kan nínú ohun tí à ń bẹ̀rù kò ṣe wá ní nǹkan kan. Èyí tó sì ṣe wá, kò sí iwin nínú rẹ̀, ọrùn kúkúrú ni. Iwin kì í jẹ́jọ́, iwin kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Ìgbà tí a bá ti pè é bẹ́ẹ̀, ẹni tó ṣe é á rọra gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí Ayétẹ̀. Ohun tí mo rí sọ fún Táyé ni pé kí wọ́n má sá fún un, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹni tó ṣe é sá.

Ùsẹ́nì, ọmọ Àlímọ̀, di jórinjórin. Kò sí ohun tí ìyá rẹ̀ ò sọ kó má kọ́ ọ, ó kọ́ ọ. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Èrúwà báyìí, ẹ̀rọ gàrí ló sì ń ṣe jù. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti mọ̀ pé bí ẹ̀rọ bá parí, wọn ò lè gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n á ní kí ni wọ́n tún ń dúró dè, Ùsẹ́nì á ní ìyá òun ni. Àlímọ̀ á ti Lánlátẹ̀ wọ ọ̀kadà wá. Kò ní jókòó, kò ní mu omi. Á ká apá aṣọ sókè, á sì ki ọwọ́ kan tó ṣẹ́kù fún un bọ ẹnu ẹ̀rọ náà títí dé èjìká.